“Ẹ̀jẹ̀ wa ti mọ ibà”: ṣé ó ṣì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun?

Ọmọ_ÒkèÀdó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín. Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà ní Peckham. Oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ yìí, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ń bọ̀ wálé wá ṣọdún. London ni wọ́n bí àwọn ọmọ sí, wọn ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé rí.

Apoògùn àdúgbò wa ní kí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà ibà kí a tó gbéra. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí WhatsApp, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. “Oògùn kí ni? Ìwọ tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán ní kékeré? Ẹ̀jẹ̀ rẹ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn náà, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ kọ́ ló wà lára wọn ni?” Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà nílé gbè wọ́n lẹ́yìn, ó ní òun ò rántí ìgbà tí ibà dá òun gúnlẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà lọ ṣe àyẹ̀wò fún iṣẹ́ tuntun láìpẹ́ yìí, láàbù sì kọ ọ́ síwèé pé ó ní malaria, “plus” kan. Bẹ́ẹ̀ orí pápá bọ́ọ̀lù ló ti lọ gba èsì náà. Ṣé láàbù ló parọ́ ni, àbí ara rẹ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni pé ṣé lóòótọ́ ni ara máa ń rántí ibà? Bó bá sì ń rántí, ìgbà wo ló ń gbàgbé? Ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ là mí lóye.

Láàbù_Ẹ̀gbá

Ẹ kú ìmúra ọdún o, ẹ̀gbọ́n. Láàbù ò parọ́, ara ẹ̀gbọ́n yín náà ò parọ́.

Níbi tí ibà ti ń jà yíká ọdún bíi tiwa, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ kiri tí wọn ò sì ṣàìsàn. Mo ń bá wọn pàdé nídìí iṣẹ́: ẹni tó wá fẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò kó tó ṣègbéyàwó. Bí mo bá fi aró Giemsa kun ẹ̀jẹ̀ wọn tán tí mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, mo lè wá a títí kí n tó rí ẹyọ kan: òrùka búlúù tín-ín-rín nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, tó ní ẹ̀kán pupa kan létí. Ọmọ ọdún méjì tí ibà gbé dé tipátipá ní tirẹ̀, mi ò ní í wá a rárá. Ibi tí mo bá kọ́kọ́ wò ni òrùka á ti kún.

Ara ẹ̀gbọ́n yín ò lé kòkòrò náà jáde, orí rẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Iye tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn lè dá àlejò tí kò ní ibà rí dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí dókítà kọ ACT, oògùn tó ń pa kòkòrò ibà, fún un, kó sì máa sùn sábẹ́ àwọ̀n. Ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí lè gbé ibà fún ọmọ yàrá kejì ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ohun tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí gan-an nìyí, ẹ fara dà á bó bá gùn.

Bí àrùn bá wọ ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó dá àmì rẹ̀ mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí ìjà bá parí, púpọ̀ nínú wọn á kú. Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù là ń pè ní sẹ́ẹ̀lì onírántí. Àwọn ìbátan wọn kan wà tó lọ ń gbé inú mùdùnmúdùn eegun, tí wọ́n ń tú àńtíbọ́dì, ohun ìjà ara tó ń lẹ̀ mọ́ àrùn, sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sántòru. Sẹ́ẹ̀lì B onírántí kì í tú nǹkan kan jáde ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí àrùn náà bá padà wá ló ń dúró dè, ìgbà náà ni á pọ̀ kíákíá tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àńtíbọ́dì. Sẹ́ẹ̀lì T onírántí náà wà: irú kan ń ran sẹ́ẹ̀lì B lọ́wọ́, irú kejì ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn bá ti wọ̀. Àwọn kan nínú irú kejì yìí fìdí kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀, wọn kì í kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ yẹn ṣe pàtàkì o. Kòkòrò tí abo ẹ̀fọn Anopheles bá tu síni lára, ẹ̀dọ̀ ló ń sáré lọ, kì í sì í gba ọjọ́ kan. Ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, láìsí ara gbígbóná, láìsí ẹ̀fọ́rí. Ẹyọ kan tó bá ráyè wọlé lè di ẹgbẹẹgbàárùn-ún kí wọ́n tó tú dà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀dọ̀ bá tètè rí i, ó lè pa á síbẹ̀. Àmọ́ bó bá ti bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì T apani ò rí i mọ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa ò ní ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù fi ń ṣàfihàn ẹni tó wọ inú wọn. Ìyókù di ọwọ́ àńtíbọ́dì.

Wàyí o, kí ló dé tí ẹni tó ṣe èéyi lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe é mọ́, tí ẹni tó ní ibà lóṣù tó kọjá tún ń ní in lóṣù yìí? Bí Plasmodium falciparum, ìyẹn kòkòrò ibà tiwa, bá wọ sẹ́ẹ̀lì pupa, ó máa ń gbé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PfEMP1 síta sára sẹ́ẹ̀lì náà. Òun ló fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ kí ara má baà sẹ́ ẹ dànù. Jíìnì tó ń ṣe èròjà yìí tó bí 60 nínú kòkòrò kan ṣoṣo, ọ̀kan ló sì ń lò lẹ́ẹ̀kan. Eégún tó ní ọgọ́ta ẹ̀kú ní ìgbàlẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti dá ẹ̀kú tòní mọ̀, òmíràn ló máa gbé wọ̀ lọ́la, eégún àdúgbò kejì sì ní ọgọ́ta tirẹ̀ tó yàtọ̀. Ara tó bá gbé láàárín wọn láti kékeré yóò ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀kú kó tó bàlágà.

Ìdí nìyẹn tí ààbò náà fi ń wá ní díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń gbani lọ́wọ́ ibà tó ń pani ló ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ní ibà ní ìwọ̀nba ìgbà. Èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn dùbúlẹ̀ rárá ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí kòkòrò kankan ò fi ní í lè wọ ara mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Ẹ̀rí pé ìrántí yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti pẹ́. Ní 1961, Cohen, McGregor àti Carrington fa àńtíbọ́dì láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà ní Gáńbíà, wọ́n fún àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe gidigidi, kòkòrò ibà sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 1962, Edozien, Gilles àti Udeozo tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde láti Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ àgbà àti ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n lò. Nítorí náà, ọmọ Òkè-Àdó, ìlú yín gan-an wà nínú ìtàn yìí.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yín wá nìyí. Bí ẹ̀fọn wa ò bá jẹ yín mọ́, àńtíbọ́dì á máa dín kù. Sẹ́ẹ̀lì B onírántí lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára, ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, ó ń gbà á tó ọjọ́ díẹ̀ kó tó jí kó sì pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ń tú ọmọ tuntun jáde ní wákàtí 48 síra wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ẹ̀kú tí ara yín mọ̀ lè má jẹ́ àwọn tí wọ́n ń gbé jáde ní Ìbàdàn báyìí. Màmá sọ òótọ́ nípa àtijọ́. Kí ẹ wá gbára lé e ní Oṣù Kejìlá, mi ò ní í bá yín fọwọ́ sí i.

Bàbá_Ẹlẹ́wé

Ẹ kú ìwé o, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Bàbá tó bí mi lọ́mọ hewú kó tó wọlẹ̀, kò gbé kóró oògùn òyìnbó kan mì. Òruwọ, dóńgóyárò àti èèpo mángòrò ni, ìkòkò àgbo kì í kúrò lórí ààrò wa lásìkò òjò. Ta ló fún àwọn baba wa ní oògùn kí wọ́n tó wọkọ̀? Ìwọ ọmọ Òkè-Àdó, fọkàn balẹ̀ wálé, má jẹ́ kí wọ́n fi hóró ba inú rẹ jẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú àgbà, Bàbá, kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá àgbà sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o.

Ọmọ mélòó ni ìyá tó bí Bàbá àgbà bí, mélòó ló sì kù fún un? Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ nígbà náà: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí. Kì í ṣe ibà nìkan ló ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ẹ̀jẹ̀ SS wà níbẹ̀, èéyi náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibà kó tirẹ̀ lọ ní rẹpẹtẹ. Àgbà tí ẹ rí tí ibà ò lè mú, òun ló ṣẹ́kù nínú ọ̀pọ̀ tí ibà gbé ìjà kò.

Nípa àgbo, mi ò bá yín jà. Ohun tí mò ń rí ni pé àgbàlagbà á mu ún, ara á fúyẹ́, àgbo á gba ìyìn. Bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ tó ti mọ ibà ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Wọ́n á wá gbé àgbo kan náà fún ọmọ ọdún méjì tí ara rẹ̀ ò tíì mọ nǹkan kan, ọjọ́ méjì mẹ́ta á kọjá lórí ìkòkò, ìgbà tí ojú rẹ̀ bá funfun tí kò lè mu ọmú mọ́ ni wọ́n tó ń gbé e tọ̀ wá wá. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Àbúrò Òkè-Àdó, ẹ gbọ́ ti àwọn ọmọ yín. Sẹ́ẹ̀lì onírántí kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún. Ohun tí ìyá ń fún ọmọ nínú oyún ni àńtíbọ́dì, ìyẹn sì ń tán lára ọmọ láàárín oṣù díẹ̀. Nílé níbí, òun àti irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń bí ọmọ tuntun mọ́ ló ń bo ọmọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà títí dé ọdún márùn-ún ni ewu ń bẹ, àsìkò yẹn ni ibà ti ń pani jù. Àwọn tiyín ò tíì pàdé ibà rí. Bí wọ́n ti wulẹ̀ kó dàgbà tó, bákan náà ni wọ́n rí sí ọmọ òyìnbó Peckham tó bá bá yín wálé.

Bí ara ọmọ bá gbóná tó sì mú gìrì, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tú aṣọ tó há mọ́ ọn lára, ẹ má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, ẹ má ta àlùbọ́sà sí i lójú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kíá. Gìrì tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ọmọ ò jí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, lè jẹ́ ibà tó ti kan ọpọlọ.

Láàbù_Ẹ̀gbá

Bàbá Ẹlẹ́wé, ewé náà ni oògùn wa bẹ̀rẹ̀ o. Inú ewéko kan ní Ṣáínà ni Tu Youyou ti rí artemisinin tó wà nínú ACT, ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi dá a lọ́lá ní 2015. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. A mọ iye tó wà nínú hóró kan, ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan.

Aláboyún_Òṣogbo

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Oyún àkọ́kọ́ mi nìyí. Kò sí ibà tó mú mi láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, àmọ́ ní ibi tí mo ti ń gba káàdì oyún, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ máa lo oògùn ibà lóṣooṣù. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ara mi bá ti mọ̀ ọ́n?

Ìyá_Ìbejì_Nọ́ọ̀sì

Àbúrò mi, ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kú tí Akẹ́kọ̀ọ́ sọ bá wí. Ibi ọmọ ò sí lára rẹ tẹ́lẹ̀. Oríṣi PfEMP1 kan wà tó jẹ́ pé ibi ọmọ nìkan ló ń lẹ̀ mọ́, VAR2CSA lorúkọ rẹ̀, ara rẹ ò sì tíì rí i rí. Kòkòrò á kó ara jọ síbẹ̀, ìwọ lè má mọ̀ rárá, ẹ̀jẹ̀ rẹ á máa gbẹ, ọmọ á kéré nínú. Ní oyún kejì àti ìkẹta, ara ti ń dá a mọ̀, ìpalára rẹ̀ á sì dín kù. Nítorí náà ni oyún àkọ́kọ́ fi léwu jù níbi tí ibà ti pọ̀.

Oògùn tí wọ́n ń fún ọ ni SP, ìyẹn sulfadoxine pẹ̀lú pyrimethamine. Láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oṣù kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ìkan sí èkejì, kó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán kí o tó bí. Gbé e mì lójú nọ́ọ̀sì, má dì í lọ sílé. Wo fólíìkì tí o ń lò dáadáa: 0.4 mg ò ní wàhálà, ṣùgbọ́n hóró 5 mg tí wọ́n ń tà káàkiri máa ń ba iṣẹ́ SP jẹ́. Bí o bá ń lo Septrin nítorí HIV, sọ fún wọn, wọn kì í pa á pọ̀ mọ́ SP.

AS_ni_mí

Èmi jẹ́ AS. Wọ́n ní ibà ò lè rí wa gbé ṣe.

Láàbù_Ẹ̀gbá

Ó ń rí yín o. AS ń dín ibà tó le kù gan-an, pàápàá lọ́mọdé, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Allison, ti fi èyí hàn láti 1954. Kì í dènà kí kòkòrò wọ ara. Ìyẹn kì í sì í ṣe ìrántí, bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ SS kò lè gbára lé ààbò yẹn, ibà lè tètè dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò. Kí ẹni kankan má fi ọ̀rọ̀ AS tu ẹni SS nínú.

Ṣakí_Boy

Èmi ò mọ èwo ni tèmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí láàbù, “malaria àti taifọ́ọ̀dù” ni wọ́n ń kọ fún mi. Ìgbà tí mo lo oògùn tán tí mo padà lọ, wọ́n ní ó ṣì wà níbẹ̀. Owó abẹ́rẹ́ ti fẹ́ gbà mí lẹ́wù.

Láàbù_Ẹ̀gbá

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, torí iṣẹ́ tiwa ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal ni wọ́n ń ṣe fún ẹ, àbí? Nọ́ńbà bíi 1:80, 1:160 ló máa ń wà lórí ìwé yẹn. Àńtíbọ́dì ni Widal ń wá, kì í wá kòkòrò taifọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Bí taifọ́ọ̀dù bá ti ṣe ẹ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tàbí tí kòkòrò mìíràn tó jọ ọ́ bá ti wọ inú rẹ rí, ara rẹ ṣì lè ní àńtíbọ́dì yẹn. Ibà gan-an lè mú kí nọ́ńbà náà gòkè. Ìrántí ara rẹ ni wọ́n ń kà sí àìsàn, tí wọ́n sì ń fún un lábẹ́rẹ́. Bí dókítà bá fura sí taifọ́ọ̀dù lóòótọ́, kó ní kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ wò ní láàbù, ìyẹn blood culture, kí o tó bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Ti malaria yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ pélébé ìyára-dánwò ni, èyí tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí tí ìlà méjì ń yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, HRP2, èròjà kan tí kòkòrò ibà ń tú jáde, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá. Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ACT pé, má tún pélébé yẹn ṣe. Maikirosíkóòpù ni kí o ní kí wọ́n fi wò ó.

Ṣakí_Boy

Háà! Ẹ ṣeun o. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí.

Apoògùn_Àjàṣẹ́

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ará wa lókè lọ́hùn-ún. Mo rí i pé kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, Oṣù Kẹrin 2024 la bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní RTS,S. Nàìjíríà mú R21 tí Yunifásítì Oxford ṣe, tí Serum Institute of India ń pèsè. Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2024.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú abẹ́rẹ́ méjèèjì ni pé wọn ò bá eégún yẹn ṣeré ẹ̀kú rárá. Kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹnu ẹ̀fọn bọ́ ni wọ́n ń kọ́ ara láti dá mọ̀, kó tó dé ẹ̀dọ̀, kó tó ráyè pààrọ̀ ohunkóhun. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CSP ló bò ó lára lákòókò yẹn, òun ni abẹ́rẹ́ náà ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì B láti mọ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé àkókò náà kúrú. Àńtíbọ́dì gbọ́dọ̀ ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀fọn tó jẹ ọmọ, torí bí a bá ń dúró de sẹ́ẹ̀lì onírántí kó jí, kòkòrò ti wọ ẹ̀dọ̀. Àńtíbọ́dì yìí sì ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń gba ẹ̀kẹrin. Ní Nàìjíríà, oṣù karùn-ún, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni. Ìyá tó bá gba mẹ́ta tó ní ó ti tó, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀.

Ní ti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní R21 kí àsìkò ibà tó wọlé, ó dín ibà kù ní bí 75% láàárín ọdún kan. Ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì tí wọ́n ti fi RTS,S dánwò káàkiri láti 2019, ikú àwọn ọmọ tó yẹ kó gbà á dín kù ní 13%. Kò ṣe é fi wé ti èéyi, kí ẹ má jù àwọ̀n nù o! Èyí tó bá yọ́ wọ ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ ò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí abẹ́rẹ́ àti àwọ̀n gbà lọ́wọ́ èyí tó le á ráyè kọ́ ìyókù fúnra rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà.

Bàbá_Ẹlẹ́wé

Apoògùn, ṣé wọ́n ń san owó rẹ̀? Ọmọ ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ mi níbí, kò tíì pé ọdún.

Ìyá_Ìbejì_Nọ́ọ̀sì

Bàbá, ọ̀fẹ́ ni níbi tó bá ti dé, ara àjẹsára ìjọba ni. Ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Kí ìyá ọmọ mú káàdì àjẹsára lọ sí ilé ìlera alábọ́dé tó wà nítòsí yín, kó bi wọ́n bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí wọ́n wo káàdì náà fún àwọn abẹ́rẹ́ yòókù bákan náà. Kó tó dé, àwọ̀n ni lálaalẹ́, bí ara ọmọ bá sì gbóná, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Bàbá_Ẹlẹ́wé

Mo gbọ́. Àgbo tèmi, èmi ni n ó máa mu ún.

Nọ́ọ̀sì_Woolwich

Ìlú London ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ̀yìn ọdún. Ní 2023, àwọn tó gbé ibà wọ UK lé ní 2,000. Àwa tí a lọ kí ará ilé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Òótọ́ ni pé àwa tí a dàgbà sí Áfíríkà kì í sábà kú nínú rẹ̀ tó àwọn òyìnbó tó lọ gbafẹ́, mo rò pé ohun tó ṣẹ́kù nínú ìrántí yẹn náà ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ Yorùbá lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ mí fún un, “ẹ̀jẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n” lòun náà sọ kó tó lọ.

Bí ara yín tàbí tọmọ bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má dúró de GP (dókítà àdúgbò yín) di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sọ “Nàìjíríà ni mo ti ń bọ̀” kí ẹ tó sọ orúkọ yín. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n títí di ọdún kan ni kí ẹ máa dárúkọ ìrìn àjò náà. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì mọ ibà díẹ̀, ó lè pẹ́ kó tó hàn lára rẹ̀.

Ọmọ_Houston

Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí o! Ibi tí mo lọ níbí, ògùn òtútù ni wọ́n kó fún mi, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Àfìgbà tí ìyàwó mi pariwo “malaria” ni wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ_ÒkèÀdó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀, ojú mi là. Mo ti fi ọ̀rọ̀ Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí màmá mi, wọn ò fèsì fún bí wákàtí kan, wọ́n wá ní kí n ra tàwọn ọmọ, kí n ṣáà má fi tèmi yọ wọ́n lẹ́nu. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa lò ó. Ó ku ìbéèrè kan: èwo ni kí a mú? Àbúrò nínú àwọn ọmọ ò tíì pé ọdún mẹ́rin, kì í gbé hóró mì rárá.

Apoògùn_Àjàṣẹ́

Atovaquone pẹ̀lú proguanil ló rọrùn jù fún ìrìn àjò kúkúrú. Ọjọ́ kan sí méjì kí ẹ tó gbéra ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni, kí ẹ sì lò ó fún ọjọ́ méje sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò nílé. Ọjọ́ méje yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Doxycycline dínwó, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko lẹ́ ó fi lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá padà, kò sì dára fún ọmọdé. Mefloquine jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dà rú rí tàbí tó ní wárápá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Hóró kékeré ti ọmọdé wà fún atovaquone-proguanil, ìwọ̀n kílò ọmọ ni wọ́n fi ń pín in, nítorí náà ẹ wọn àwọn méjèèjì kí ẹ tó lọ sí kẹ́mísì. Ti àbúrò, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ tó bá fẹ́ràn tàbí mílíìkì, àkókò kan náà lójúmọ́. Ó ń fẹ́ oúnjẹ tó lọ́ràá kó tó wọ ara dáadáa. Bó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún òmíràn fún un. Ẹ ra méjì mẹ́ta lé e nítorí èyí.